Nọ́ńbà Tí Níyìọlá Nù Kúrò

Ọ̀dà pupa ni Níyìọlá fi ń kọ nọ́ńbà sára ògiri nígbà tí Ṣìkẹ́mi, ọmọ onílé, yọ lẹ́nu ọ̀nà, téèpù ìránṣọ lọ́rùn. Ẹ̀rín ọmọge náà mọ́lẹ̀ débi pé bí NEPA bá mú iná lọ, gbogbo Ajégúnlẹ̀ lè fi kàwé. Ọwọ́ Níyìọlá yẹ̀, ó kun ara rẹ̀ pupa dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin náà ni wọ́n fẹ́ wó ni?"

"Ìwọ lo ti wó mi."

Ọdún 1991 ni. Ìjọba àti ilé-iṣẹ́ kan ní Creek Road ti pawọ́ pọ̀ láti tún àdúgbò náà kọ́: ìjọba mú ilẹ̀ wá, ilé-iṣẹ́ mú owó wá. Níyìọlá ni wọ́n gbà síṣẹ́ kó máa kọ nọ́ńbà sílé àti sínú ìwé. Ohun tí nọ́ńbà wà fún, kò sẹ́ni tó sọ fún un, òun náà kò sì bèèrè.

Láàárín oṣù kan, ó gbé ṣòkòtò mẹ́sàn-án fún Ṣìkẹ́mi rán, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ò ju méjì lọ.

"Bọ̀dá Níyì, ọkàn mi," ni ọmọge náà wí lọ́jọ́ kan, omi lójú, "ṣé o gbàgbé Màrókò tí ìjọba wó léṣìí ni? Ilé tó bá ní nọ́ńbà ni wọ́n máa wó. Ogún ọdún ni Bàbá mi fi ru ẹrù ní wáàfù kó tó kọ́lé yìí. Jọ̀ọ́, nù nọ́ńbà yẹn kúrò."

Níyìọlá fi kẹrosíìnì nù ún títí eṣinṣin fi ń yọ̀ ṣubú lára ògiri. Ó fagi lé e nínú ìwé pẹ̀lú.

Nígbà tó yá, wọ́n pe ìpàdé. Ọ̀gá Sylvester láti ilé-iṣẹ́ náà ka àdéhùn sókè: gbogbo ilé ni wọn yóò wó, onílé tó bá ní nọ́ńbà yóò gba yàrá méjì nínú ilé tuntun.

Níyìọlá fò dìde. "Ọ̀gá, ó ku ilé kan!"

"My brother, book don close. Ìjọba ti buwọ́ lù ú."

Ó lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá Ṣìkẹ́mi. "Èmi ni mo nù ún, sà. Ẹnì kankan ò rán mi."

Ṣìkẹ́mi kúnlẹ̀ tì í. "Irọ́ ló ń pa, Bàbá. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́."

Bàbá gbójú kúrò lára Níyìọlá. "Yàrá mélòó lo ní?"

"Ẹyọ kan, sà. Ní Ìjọra Bádíà."

"Ẹ lọ ṣègbéyàwó yín. Àwa mẹ́ta la jọ máa gbébẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ tí katapílà dé ni wọ́n so yìgì. Wọ́n ta kọ́tìnì sáàárín yàrá, tọkọtaya lápá kan, Bàbá lápá kejì.

Láràárọ̀ ni Níyìọlá ń gbé omi ìwẹ̀ fún un. "Ẹ káàárọ̀, sà." Bàbá á dáhùn, ṣùgbọ́n kì í wo ojú rẹ̀.

"Yóò wò ọ́ lọ́jọ́ kan, olówó orí mi," ni Ṣìkẹ́mi wí, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bó bá gba ogún ọdún," ni Níyìọlá wí, "màá máa pọnmi fún wọn."