Ẹni Tó Jókòó Jẹ́ẹ́ Nínú Fọ́tò

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín. Èmi ò bù mọ́ ọ̀rọ̀ yìí, n ò sì yọ níbẹ̀. Ilé Stoyna ṣì wà lókè odò ní abúlé wa, ní ẹsẹ̀ òkè Rodopi. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ò ní ìwé kankan lára.

Ìwé tí mò ń wí ni pé, bí èèyàn bá kú lọ́dọ̀ wa, a ó tẹ ojú rẹ̀ sórí ìwé, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, kí ẹni tó ń kọjá lè mọ̀ pé ó ti lọ. Rayko, ọmọ Stoyna, wọ igbó lọ wá olú nígbà tí ewé ń wọ́. Kò padà. Wọ́n wá a títí, ajá wá a, wọn ò rí bàtà rẹ̀ pàápàá. Àwọn aládùúgbò ní kí Stoyna gba kámú, kó lẹ ìwé ọmọ rẹ̀.

"A kì í lẹ ìwé ẹni tó ń bọ̀," ló fi dá wọn lóhùn.

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, á fa àga Rayko jáde lábẹ́ tábìlì, á bu ọbẹ̀ ẹ̀wà sínú abọ́ rẹ̀, á sì jókòó kọjú sí i. Òun fúnra rẹ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹun mọ́. Ó ń gbẹ lọ. Ohun tó ń ba Zlatka, àbúrò Rayko, lẹ́rù nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ, kò sì fẹ́ kí ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Nígbà náà, Zlatka ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ fọ́tò lọ́dọ̀ Bàbá Mincho, arúgbó ẹlẹ́fẹ̀ kan tó ń ya fọ́tò fún gbogbo agbègbè wa. Ọmọbìnrin náà ò mọ nǹkan kan nígbà tó débẹ̀. Fọ́tò tó kọ́kọ́ yà dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ya àgùntàn lórí yìnyín, gbogbo rẹ̀ funfun báláú.

"Àgùntàn dà?" Bàbá Mincho bi í.

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá."

"Ó wà níbẹ̀ kẹ̀? Èyí ti gòkè re ọ̀run."

Ó wá jókòó tì í. "Kámẹ́rà ò yàtọ̀ sí ojú. Ihò yìí ló ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé. O lè fẹ̀ ẹ́, o lè fún un. Ìpéǹpéjú nìyí, ó lè ṣẹ́ kíá, ó sì lè pẹ́ kó tó padé. Nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí ojú náà ṣe mú tó. Bí o bá fi kún ọ̀kan, dín òmíràn kù. Iyọ̀, omi àti iná ni. Ta ni ò lè se ọbẹ̀?"

Zlatka jẹ́ kí ìpéǹpéjú náà pẹ́, ó kọjú kámẹ́rà sí bàbá náà. "Ṣé báyìí ni, Bàbá?" Bàbá Mincho mi orí sọ́tùn-ún, ó mì í sósì, torí bí àwa ṣe ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni nìyẹn. Ẹni tó bá ní rárá, àgbọ̀n ló máa gbé sókè. Ohun tó jáde nínú fọ́tò kì í ṣe ojú èèyàn mọ́. Ó tẹ́ lọ sọ́tùn-ún àti sósì bíi bọ́tà lára búrẹ́dì.

Bàbá Mincho rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Má bi ẹni tí ò ń yà ní ìbéèrè mọ́. Ẹnu wa lè dákẹ́, orí wa ò lè dákẹ́. Ká ní mo ní rárá ni, ojú mi ì bá gùn bíi ti ẹṣin." Ó nu ojú. "Fi í sọ́kàn: ohun tó bá dúró jẹ́ẹ́, kámẹ́rà á mú un. Ohun tó bá ń rìn, á kọjá bí ẹni tí ò wá. Lọ ya ìyá rẹ ní ìrọ̀lẹ́, má tan iná. Jẹ́ kí kámẹ́rà la ojú pẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe. Oòrùn ti wọ̀ sẹ́yìn òkè. Agogo ọrùn àwọn àgùntàn ń dún bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wálé. Stoyna jókòó sí àyè rẹ̀. Àga Rayko wà níwájú rẹ̀, òfìfo.

"Ẹ má mira o, Màámi."

"Níbo ni mo fẹ́ lọ?"

Ó tẹ kámẹ́rà. Ìpéǹpéjú ṣí. Lójú ẹsẹ̀, agogo àwọn àgùntàn dákẹ́. Ilé náà pa lọ́lọ́. Ìpéǹpéjú padé, agogo tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Zlatka ò kà á sí.

Nínú fọ́tò náà tó yọ lójú gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà, ìyá rẹ̀ hàn dáadáa. Lórí àga kejì, nǹkan kan wà bí èéfín. Ó rò pé ooru ọbẹ̀ ni. Ó fi ọwọ́ kan abọ́ náà. Ó ti tutù.

Ó ní bóyá òun ló ṣìṣe. Ó fún ihò náà, ó sì jẹ́ kí ìpéǹpéjú pẹ́ sí i. Agogo tún dákẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, èéfín náà ní èjìká.

Ó yára fi ọwọ́ bo fọ́tò náà.

"Kí lo rí?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Mo bà á jẹ́ ni, Màámi. Ẹ jẹ́ ká tan iná."

"Fi hàn mí."

Stoyna wò ó títí. Kò sunkún. "Súwẹ́tà rẹ̀ ni," ó ní. "Òwú pupa tí mo fi rán ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ nìyí. Tún un yà."

"Màámi, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ nìyẹn. Tún un yà."

Ìpéǹpéjú ṣí. Stoyna sọ̀rọ̀ sókè láìmi ara: "Rayko, ṣé òtútù ń mú ọ?" Ìpéǹpéjú padé. Nínú fọ́tò, ojú ẹni tó jókòó náà gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, bíi ti ẹṣin. Rárá ló wí. Stoyna rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti lọ. Zlatka fẹ́ gbé kámẹ́rà kúrò.

"Ẹyọ kan ṣoṣo péré, ọmọ mi. Mo bẹ̀ ọ́. Jẹ́ kó pẹ́ gan-an."

Ta ló lè kọ̀ fún ìyá rẹ̀? Ìpéǹpéjú ṣí, agogo dákẹ́. Stoyna sọ nǹkan wúyẹ́wúyẹ́ sí àga náà. Zlatka ò gbọ́ ọ. Ó ń gbọ́ èémí ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ èémí mìíràn.

Ìpéǹpéjú padé.

Ọkùnrin náà hàn kedere, dé orí òwú pupa ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ nìkan ló tẹ́ lọ sọ́tùn-ún àti sósì, bíi ti Bàbá Mincho níjọ́sí. Stoyna ló wá rí bí èéfín. Igi ẹ̀yìn àga rẹ̀ hàn gba inú àyà rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń wo nǹkan láti inú omi.

Zlatka gbójú sókè. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀ lódindi.

"Màámi, ṣé ẹ mira ni?"

"N ò mi ìka."

"Kí lẹ bi í?"

Stoyna fi ọwọ́ nu etí tábìlì. "Mo bi í bóyá àyè wà fún mi níbi tó wà. Kí ló wí?"

Zlatka gbá kámẹ́rà náà mọ́ àyà. Ó gbé àgbọ̀n sókè: rárá.

Ìyá rẹ̀ wò ó tìfẹ́tìfẹ́. Ó wá wo àga tó wà níwájú rẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Má purọ́, Zlatka," ó ní. "Ó ṣì ń mi orí."

Ó fa abọ́ Rayko mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọbẹ̀ tútù náà. Zlatka dúró, ó ń dẹtí sílẹ̀ de agogo àwọn àgùntàn. Ìpéǹpéjú ti padé tipẹ́, síbẹ̀ wọn ò dún.