Ta Ló Júwe Ìsun Omi fún Ọlọ́pàá?

"Ìwọ lo ta ọmọ mi fún ọlọ́pàá, o sì tún dúró níwájú mi, ò ń sunkún?" Ìyá ọkọ Aránṣọ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ ti àpótí aṣọ rẹ̀ síta. "Ọ̀dàlẹ̀. Kó ẹrù rẹ."

Àná ni ọlọ́pàá wá mú ọkọ Aránṣọ nídìí ọtí tó ń pọn.

"Màmá, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò bá ọlọ́pàá kankan sọ̀rọ̀."

"Ọlọ́run wo? Ti ṣọ́ọ̀ṣì òkè tó ní kó o má fọ ìgò mọ́?"

Lóòótọ́ ni Aránṣọ ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun ò ní fọ ìgò ọtí mọ́. Ní àfonífojì tí wọ́n ń gbé, ṣọ́ọ̀ṣì méjì ló wà, ìkòkò ọtí ò lóǹkà. Ìjọba fòfin de ọtí líle tí wọ́n ń pọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n fi ń rán ọmọ nílé ìwé, òun náà ni wọ́n fi kan páànù ṣọ́ọ̀ṣì méjèèjì, bí pásítọ̀ tilẹ̀ ń wàásù lòdì sí i. Ti ọkọ Aránṣọ ló mọ́ jù, nítorí ìsun omi tó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀.

Àbúrò ọkọ rẹ̀, díákónì ṣọ́ọ̀ṣì ìsàlẹ̀, jókòó pẹ̀lú Bíbélì lórí itan. "Ìyàwó, jẹ́wọ́," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ọlọ́run á dárí jì ọ́."

Ẹ wo ẹnu bí oyin, inú bí ìdí ìkòkò!

Aránṣọ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ rù, ó lọ gba yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì òkè. Wọ́n rán ọkọ rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n. Oṣooṣù ló ń lọ síbẹ̀, ọkọ rẹ̀ kò sì jáde wá rí i rí. Wọ́dà á kàn gbé ẹ̀wù òtútù tó rán padà fún un: "Ó ní òun ò mọ̀ yín, mà." Lọ́dún kẹta, ikọ́ gbé ọkùnrin náà lọ. Wọ́n sin ín sẹ́yìn ilé, wọ́n ti géètì mọ́ ìyàwó rẹ̀. Kí oṣù tó tán, èéfín ti ń rú nídìí ìsun omi. Díákónì ló ń pọntí.

Ogún ọdún kọjá. Aránṣọ ń rán aṣọ ìgbéyàwó fún ọmọ àwọn tó ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀.

Nígbà tó yá, ṣọ́ọ̀ṣì méjèèjì pinnu láti kọ ìtàn àfonífojì wọn. Akọ̀wé ìjọ, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ń lọ láti ilé dé ilé, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ sájẹ́ńtì ọlọ́pàá kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ohun tí bàbá náà sọ kò jẹ́ kó sùn. Ṣùgbọ́n bó bá yọ ọ́ kúrò, ìtàn kọ́ ló ń kọ mọ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, ó ka ọ̀rọ̀ sájẹ́ńtì náà síta níwájú gbogbo ìjọ:

"'Lọ́dún tí a mú onísun-omi, àbúrò rẹ̀ ló mú wa débẹ̀. Ó ní ká má fọ́ ìkòkò náà, òun máa lò ó.'"

Díákónì dìde. "Irọ́ ni. Arúgbó yẹn ti ń ṣarán."

"Mo lè gbàgbé oúnjẹ àárọ̀ mi," ni sájẹ́ńtì wí láti orí àga rẹ̀. "Mi ò gbàgbé ojú rẹ."

Ìyá díákónì, tí ojú rẹ̀ ti fọ́, na ọwọ́ wá a. "Ọmọ mi, ṣé òótọ́ ni?"

"Màmá, ẹ̀gbọ́n mi lẹ fún nílẹ̀," ni díákónì wí. "Ẹ ò fún mi ní nǹkan kan."

Bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ ń bá a. Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹbí gba ìsun omi, ìyàwó rẹ̀ kó lọ ilé bàbá rẹ̀. Kí òjò tó dé, ó fi ìlú sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó béèrè ibi tó gbà.

Ìyá ọkọ ránṣẹ́ pe Aránṣọ. "Ọmọ mi, forí jì mí."

"Mo ti forí jì yín, Màmá. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ kó gbọ́ ti lọ."

Ó lọ sẹ́yìn ilé. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá sàréè ọkọ rẹ̀ tí kò fojú kàn rí.

"Bàbá," ló wí, "èmi kọ́ o."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa koríko ibẹ̀ tu, ọ̀kọ̀ọ̀kan.