Àkàbà Àwọn Adìyẹ Isay

Isay nìyí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ká.

Láàárọ̀ Sátidé, Isay jí. Kò gbọ́ ohùn àkùkọ.

Heneral ni àkùkọ wọn ń jẹ́. Ojoojúmọ́ ló máa ń kọ: Kùkùrúkùù!

Lónìí, ilé pa lọ́lọ́.

Isay sáré jáde, gìrì, gìrì, gìrì. Ìyẹ́ funfun wà nílẹ̀. Ìyẹ́ pupa wà nílẹ̀.

Ẹtà ti wá. Ó ti gbé Puti, adìyẹ funfun, lọ.

Ó ku adìyẹ mẹ́rin, gbogbo wọn ń gbọ̀n. Ó ku Heneral. Heneral sá pamọ́ sábẹ́ ilé wọn tó dúró lórí òpó. Kò ní ìrù mọ́.

Igi máńgòrò ni àwọn adìyẹ ń sùn sí. Lola ni wọ́n ń pe ìyá àgbà nílùú wọn. Lola Sabel, ìyá ìyá Isay, ti fi páànù wé igi náà. Ẹtà tó bá fẹ́ gùn ún, yọ̀ọ̀ọ̀, gbì!

Àkàbà oparun ni àwọn adìyẹ fi ń kọjá páànù. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀:

Adìyẹ lọ sókè. Àkàbà wá sílẹ̀.

Ta ló ń gbé àkàbà sílẹ̀? Isay ni. Iṣẹ́ ńlá ni, òun ló sì ni ín.

Àmọ́ lánàá, Isay ń ṣa ìkarahun létí òkun. Ó gbàgbé àkàbà.

Lola ń gbá ìyẹ́ jọ. Ó ní Isay kì í gbàgbé. Ó ní òun fúnra òun ló máa ti gun àkàbà lọ kó ẹyin, tí òun ò gbé e kúrò. Ó ní orí òun ti gbó.

Isay wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Nonoy, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá Isay, dé. Ó pẹ́ tó ti ń fẹ́ gba iṣẹ́ àkàbà. Ó wo Heneral, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ wò ó, ó dà bí àgbọn tó lẹ́sẹ̀!”

Isay ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé Heneral sórí itan. Lola fi atalẹ̀ pupa kun ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Ìdí Heneral wá pọ́n bí ọsàn.

Isay rin àgbọn fún àwọn adìyẹ. Wọ́n ṣá a jẹ díẹ̀. Tó, tó.

Oòrùn ń wọ̀.

Adìyẹ lọ sókè? Rárá o.

Kalabasa, adìyẹ tó sanra jù, gbẹ́sẹ̀ lé àkàbà. Ó wòkè. Ó yí padà.

Gbogbo wọn lọ́ mọ́ ara wọn nílẹ̀. Nílẹ̀ kẹ̀! Ẹtà á tún padà wá.

Lola nu ojú. “Ẹ bá mi sọ àkàbà yìí nù,” ló wí. “Mi ò ṣe é fọkàn tán mọ́.”

Ọ̀rọ̀ náà gún Isay láyà. Bó bá jẹ́wọ́, Nonoy á gba iṣẹ́ rẹ̀. Bí kò bá jẹ́wọ́, Lola á máa sunkún.

“Lola, kì í ṣe ẹ̀yin,” ni Isay wí. “Èmi ni mo gbàgbé.”

Lola jókòó. Nonoy lanu. Lola wò ó. Nonoy panu dé.

“Ó dùn mí nítorí Puti,” ni Lola wí.

“Ó dun èmi náà, Lola.”

Isay nu imú. Ó gbé Heneral sábẹ́ apá. Ó gun àkàbà. Ẹsẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ kejì. Ó wọ́n àgbọn sórí àkàbà bó ṣe ń lọ. Ó gbé Heneral sórí ẹ̀ka rẹ̀.

Heneral mi ìdí tí kò nírù. “Kọ,” ló wí, wẹ́rẹ́.

Kalabasa gbọ́. Tọ̀, tọ̀, tọ̀. Ó gòkè. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, tọ̀, tọ̀, tọ̀.

Isay sọ̀ kalẹ̀. Nonoy na ọwọ́ sí àkàbà.

“Fi í sílẹ̀,” ni Lola wí. “Ẹni tó ni iṣẹ́ wà níbí. Isay, kí ló kù?”

“Àkàbà wá sílẹ̀,” ni Isay wí.

Ó gbé e. Kò fi í síta o. Ó wọ́ ọ wọlé, gbà, gbà, gbà, títí dórí ẹní rẹ̀.

Nonoy bi í pé kí ni àkàbà ń wá nínú ilé. Isay ti gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà, ó ti sùn lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ta ló jí i?

Kùkùrúkùù!