Ẹ̀jẹ̀ Mi Lórúkọ Mùsílímátù

"Mùsílímátù Rùfáì!" ni ọkùnrin tó ń gba ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn pè. Èmi Adéòkè ni mo dìde. Mo na apá, mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fa ẹ̀jẹ̀ mi, ó sì lẹ orúkọ ọ̀rẹ́ mi mọ́ ọn. Kò wojú mi lẹ́ẹ̀kejì. Mùsílímátù gan-an wà níta lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń dúró dè mí. Nígbà tí mo jáde, ó dì mọ́ mi, àwa méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ò rí òmùgọ̀ méjì.

Ọdún 1984 ni, Lókọ́jà ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara. A wà ní kíláàsì karùn-ún, ọdún ìdánwò àṣekágbá. Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣayé, ará Yàgbà tó ń kọ́ wa ní jọ́gíráfì, ló dá ẹgbẹ́ agunkè sílẹ̀ nílé ìwé wa. Ní gbogbo Sátidé, a máa ń kó òkúta sínú àpò, a ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn, a ó sì gun Òkè Pátì. Mùsílímátù kì í gùn ún. Ìsàlẹ̀ ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa kọ àkókò tí kálukú bá sọ̀ kalẹ̀. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá a jà láti kékeré. Bí òtútù bá mú un, tàbí tó bá ṣe wàhálà jù, egungun rẹ̀ á máa ro ó títí tí yóò fi máa ké. Èmi nìkan ló sọ fún. Àwọn yòókù rò pé ọ̀lẹ ni.

Ìgbà tí tíṣà wa wá kéde pé a ń lọ sí Jọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ yí padà. Ó ní ìlú àwọn awakùsà láti ayé òyìnbó ni, orí ilẹ̀ gíga ló sì wà. Ó ní a ó sùn níbẹ̀ kí òtútù àti afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè mọ́ wa lára, ká tó gun àwọn òkè olókùúta tó wà lẹ́yìn ìlú náà. Ṣùgbọ́n kí kálukú mú ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wá, kí òbí rẹ̀ sì fọwọ́ sí i, nítorí afẹ́fẹ́ ibi gíga kì í bá gbogbo ẹ̀jẹ̀ ṣọ̀rẹ́.

Mùsílímátù wá bá mi nílé wa ní Gadumo. Ó ní, "Adéòkè, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Kí èmi náà débi tí ẹ̀yin ń dé."

Ó yẹ kí n sọ pé rárá. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ojú rẹ̀ sì ń tì mí. Bí mo ṣe lọ na apá lórúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ìwé jáde, wọ́n kọ AA síbẹ̀, ìyá rẹ̀ fọwọ́ sí i, tíṣà gbà á.

Oyẹ́ ń fẹ́ burúkú nígbà tí a dé Jọ́ọ̀sì. Inú Mùsílímátù dùn débi pé ó ń mí síta lásán kó lè rí èéfín tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, tíṣà kó wa lọ wo ilé tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí. Ibẹ̀ ni Mùsílímátù ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí kò lè dìde mọ́. Ó di itan mú, ó ń gbọ̀n.

Dókítà ilé ìwòsàn tí a gbé e lọ béèrè ìwé rẹ̀, ó kà á, ó ní ibà ni. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́. Mùsílímátù fún ọwọ́ mi mọ́lẹ̀, ó ní kí n má sọ o, pé wọ́n á lé mi kúrò nílé ìwé. Bàbá mi, akọ̀wé ìjọba, ti ń sọ kiri àdúgbò pé èmi ni n ó kọ́kọ́ wọ yunifásítì nílé wa. Mo gbé ìdánwò mi àti ẹ̀mí ọ̀rẹ́ mi sórí ìwọ̀n, ìdánwò ló tẹ̀wọ̀n jù lójú mi. Àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́, ti ẹlòmíràn ni mo jẹ́ kó bá mi dákẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣayé fi tíṣà obìnrin kan sílẹ̀ tì í, ó sì kó àwa yòókù lọ sórí òkè. A kò tíì dé ìdajì tí èémí fi bẹ̀rẹ̀ sí í há mi láyà, èmi tí ẹ̀jẹ̀ mi pé. Kí ló wá ń ṣe ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì nísàlẹ̀? Mo jókòó lórí òkúta, mo bú sẹ́kún. Tíṣà wá béèrè bóyá ó ti rẹ̀ mí.

"Sà, ẹ̀jẹ̀ mi ló wà nínú ìwé Mùsílímátù. SS lòun."

Tíṣà ní, "Àná, o dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà, o kò sọ?"

Kò nà mí. Ó yí padà, ó ń sáré sọ̀ kalẹ̀ láàárín òkúta.

Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, wọ́n ti yí ìtọ́jú padà, rọ́bà afẹ́fẹ́ wà nímú rẹ̀. Dókítà sọ fún tíṣà pé ká ní òun mọ̀ lánàá ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Mùsílímátù kú kó tó di ìrun alásàárì. Bọ́ọ̀sì tó gbé wa lọ náà ló gbé e padà sí Lókọ́jà, kò sì sẹ́ni tó bá mi jókòó.

Wọ́n lé mi nílé ìwé, ìdánwò tí mo torí ẹ̀ dákẹ́ sì fò mí ru. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣayé, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, bàbá mi mú mi lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá Mùsílímátù, tó ń ta aṣọ ní apá Lókọ́jà àtijọ́. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé yóò ṣépè fún mi.

Ó ní, "Mo mọ̀ pé ilé ìwé yín ò ní gbà á láyè. Ìdí tí n kò fi sọ pé kó má lọ nìyẹn. Mo ní kí ìwé sọ ọ́, kó má jẹ́ ẹnu tèmi. Ló bá gbé ìwé dé pé ara òun dá. Mo ní Ọlọ́hun ti gbọ́ àdúrà mi. Mo ṣe sàráà. Mo kó oògùn rẹ̀ dànù. Ọmọ náà ń wò mí bí inú mi ṣe ń dùn, kò lè sọ fún mi pé irọ́ ni."

Ó fi ìborùn nu ojú. "Ọjọ́ méjìlá gbáko lo fi wo ọmọ mi sàn lójú mi."

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ẹ má bá mi pe ohun tí mo ṣe láàánú. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á sọ fún un pé rárá, á sì gbà kó bínú. Bí ẹ bá sì ti purọ́, ẹ tètè jẹ́wọ́ kó tó jẹni. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi bá a lóòótọ́, ṣùgbọ́n Mùsílímátù kò ráyè dúró dè é.