Orúkọ Tí Ajá Kọ̀

Ó ṣojú mi, mo fi irin búra. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó bi àgbàlagbà tó gbé àdúgbò Adébáyọ̀ lọ́dún 1978.

Mò ń bá Tíṣà Folúkẹ́ ro àyíká ilé wọn nígbà náà, mo sì ń sùn sí ẹ̀yìnkùlé. Tíṣà àti Ọláoyè, aládùúgbò wọn, ń jà lórí ààlà ilẹ̀. Ẹ mọ àṣà wa: a kì í bú àgbà lójú, orúkọ ajá la fi ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i. Tíṣà sọ ajá rẹ̀ ní Kòníípẹ́lọ. Láàárọ̀, lálẹ́, yóò kọjú sí ògiri Ọláoyè, yóò sì ké e.

Nígbà tó yá, ajá kò dáhùn mọ́. Yóò kàn máa wo Tíṣà lójú ni, kò ní í mira. Kò jẹun. Tíṣà fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ, ẹ̀rù sì ń bà á kó má kú mọ́ òun lọ́wọ́.

Wọ́n júwe Ìdòwú fún un ní Ọjà Ọba, ọkùnrin tó ń gbọ́ èdè ẹran ọ̀sìn. Ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi.

"Ẹ kú ulé o," ló wí, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Kò gba omi, kò gba ìjókòó. Mo ti rí gbájúẹ̀ tó pọ̀ ní gáréèjì. Mo fura sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó lóṣòó, ajá tó máa ń gbó mọ́ àlejò gbé àgbọ̀n lé e léjìká. Ètè ajá ń mì, a ò gbọ́ ohùn kankan.

"Mà, ó ní ó ti rẹ òun. Aládùúgbò yín lẹ ń ju orúkọ sí, òun ajá ló ń bá a dáhùn. Òun ò dáhùn mọ́. Ẹ fún un lórúkọ mìíràn. Ẹ má pe tàtijọ́ yẹn mọ́, torí ẹnì kan gbọ́dọ̀ dáhùn sí i."

"Àbí Ọláoyè ló rán ọ wá, ọ̀gá?" ni mo wí.

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Onígbàgbọ́ ni mí, bọ̀ọ̀dá." Ó kọjú sí ògiri. "Kòníípẹ́lọ."

Ajá kò mira. Ìdòwú fi ọwọ́ di etí.

Akínlẹ́yẹ, ọkọ Tíṣà, tó ti sùn látìgbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ló dáhùn láti inú yàrá, jẹ́jẹ́, bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ pè: "Mo ń bọ̀."

Ajá dìde, ó ń ju ìrù. Ó tẹ̀lé ohun tí a kò rí dé ẹnu géètì, ó dúró, ó ń wo títì, bí ẹni tó sin àlejò.

Nígbà tí a wọ yàrá, Akínlẹ́yẹ ti tutù, ó ti le gbagidi, bí ẹni tó ti kú tipẹ́.

Títí Tíṣà fi kó kúrò níbẹ̀ ló ń bi mí ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ọkọ rẹ̀. Ohun tí òun náà gbọ́ ni mo máa ń sọ fún un.

"Mo ń bọ̀."