Ìkúnlẹ̀ Zàhràh

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìkòkò sóbólò, omi ìṣápá pupa tí wọ́n ń sè tà, kalẹ̀ lórí iná ni. Zàhràh di etí rẹ̀ kan mú, Efua ọ̀rẹ́ rẹ̀ di èkejì mú, wọ́n rọra ń gbé e lọ síbi asẹ́. Ilé-ìwé ti gba ìsinmi, àwọn méjèèjì sì ń bá Àǹtí Sàbírátù, àbúrò ìyá Zàhràh, ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ohun mímu rẹ̀ ní Asawase, ní ìlú Kùmásí.

Òfin kan wà níbẹ̀ tí kò sí ní ilé Yorùbá mìíràn: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ kí àgbà nínú yàrá ìdáná. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ. Àǹtí máa ń sọ pé ilẹ̀ tútù ń ṣe àwọn òṣìṣẹ́ léṣe ju ọ̀bẹ lọ, àti pé ọdọọdún ni àwọn tó ń yọ̀ ṣubú ń pọ̀ sí i. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n Àlájì Bákàrè, bàbá àgbà Zàhràh, ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lánàá pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Kùmásí, eékún wọn ti di igi. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, nítorí ó fẹ́ràn bàbá náà gan-an. Nígbà tí Àlájì wọ yàrá ìdáná bá wọn nídìí ìkòkò náà, Zàhràh rántí òfin, ó sì rántí yẹ̀yẹ́. Ó kúnlẹ̀.

Eékún rẹ̀ yọ̀, ìkòkò tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, sóbólò gbígbóná dà sí Efua lẹ́sẹ̀.

Wọ́n da omi tútù sí ẹsẹ̀ náà títí, wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù. Nígbà tí Àǹtí béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀, Efua ní òun ló yọ̀. Zàhràh kò lè gbé irọ́ náà mì.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Àǹtí. Èmi ni mo kúnlẹ̀."

"Èmi ni kí ẹ bá wí," ni Àlájì sọ, omi sì lé ròrò sí i lójú. "Ẹnu mi ló tì í lulẹ̀."

Ẹsẹ̀ Efua san, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Àlájì wá kí i, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ìkòkò wà lọ́wọ́ Zàhràh. Ó dúró ṣánṣán.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ìkúnlẹ̀ yín wà níta."

"Yoo, mo gbà," ni bàbá dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo ń dúró dè é."

Nígbà tí ó gbé ìkòkò kalẹ̀ tán, Zàhràh jáde síta, ó fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀, bàbá sì gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ṣàdúrà fún un. Ó ti wá yé Zàhràh pé ẹni tó bá dáàbò bo ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ti bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ìkúnlẹ̀ lè dúró dìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀.