Ìbéèrè Ọjọ́bọ̀

Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2006 ni Ṣọládé kọ́kọ́ wọ ilé ìkẹ́rùsí oúnjẹ adìyẹ tí Fadékẹ́ ń mójú tó ní Ìkòsí. Bírò mẹ́ta ló wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ìyẹ̀fun àgbàdo sì ti kun bàtà rẹ̀ kó tó rí ẹnu kí i.

Ó ní yunifásítì ni òun ti wá. Ètò kọ̀ǹpútà tuntun tí ilé iṣẹ́ wọn rà, èyí tó so ọjà rírà, ọjà títà àti ilé ìkẹ́rùsí pọ̀ sójú kan, ni òun ń ṣe ìwádìí lé lórí. Òun fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe yàn án, bó ṣe ń mọ́ wọn lára, àti ohun tó lè mú kí wọ́n pa á tì lọ́jọ́ iwájú.

“Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ ti ń wá bó ṣe máa kú,” Fadékẹ́ wí.

“Gbogbo wọn ló ń darúgbó, Àǹtí.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá Fadékẹ́.

Láti ìgbà náà, kò sí Ọjọ́bọ̀ tí Ṣọládé kì í wá. Á béèrè ibi tó ti ń ṣòro, ta ló kọ́ ọ, kí ló ń ṣe bí iná bá lọ. Bí Fadékẹ́ bá ń dáhùn, á máa wò ó bí ẹni pé ìpéǹpéjú rẹ̀ ni ìdáhùn wà. Nígbà míì, á ra gúgúrú àti ẹ̀pà wá. Ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ ìfẹ́ rí. Ọkàn Fadékẹ́ dàrú. Ṣé òun ló ń wá ni, àbí kọ̀ǹpútà?

Ọ̀gá wọn, Alhaji Shittu, ti búra pé ẹni tó bá ṣì ń kọ ọjà sínú ìwé á lọ sílé. Àmọ́ kọ̀ǹpútà náà ò mọ àpò tó ya. Àpò wà tàbí kò sí ni tirẹ̀. Fadékẹ́ fi ìwé kékeré kan pamọ́ sábẹ́ òṣùwọ̀n, ibẹ̀ ló ń kọ àwọn àpò tó ya sí. Lọ́jọ́ kan tí ojú Ṣọládé dùn ún wò jù, ó fi hàn án. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló tún fà á padà.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ èyí.”

Ṣọládé dé bírò rẹ̀.

Nílé ní Kétu, ìyá Fadékẹ́ kò dákẹ́. Ọláníyan ti ṣọ́ọ̀ṣì wọn fẹ́ kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá tọrọ Fadékẹ́, ìyá sì fẹ́ gbọ́ èsì kó tó di ọjọ́ Ìsinmi.

“Ọkùnrin tó ń bi ẹ́ ní ìbéèrè láti èṣí, tí kò tíì béèrè orúkọ bàbá ẹ, kí ló ń wá?”

Fadékẹ́ ò mọ̀. Ohun tó ń pa á lẹ́kún nìyẹn.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdé, nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2007, Alhaji Shittu pè é, ó sì nawọ́ ìwé ńlá kan sí i, ó ní ìwádìí ọmọkùnrin yẹn ti dé láti yunifásítì. Fadékẹ́ ṣí i. Ó wá ọ̀rọ̀ ìwé abẹ́ òṣùwọ̀n títí, kò rí i níbẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Nígbà tó pa ìwé náà dé ló rí ọjọ́ tí ìwádìí náà parí níwájú rẹ̀: oṣù Kẹta.

Ó fi ìka kà á. Oṣù márùn-ún.

Lọ́jọ́ kejì, Ṣọládé dé pẹ̀lú bírò àti ìwé. Ó béèrè ẹni tó ń tẹ ọjà wọ kọ̀ǹpútà bí Fadékẹ́ kò bá wá.

“Ẹ bi mí nínú oṣù Kẹrin. Ẹ tún bi mí nínú oṣù Kẹfà,” Fadékẹ́ wí. “Ìwé yín ti dé lánàá.”

Ṣọládé wo bàtà rẹ̀ tó ti kún fún ìyẹ̀fun.

“Mi ò mọ nǹkan míì tí mo lè sọ pé mo wá ṣe níbí,” ó wí jẹ́jẹ́.

Inú bí Fadékẹ́, inú rẹ̀ sì dùn. Kò mọ èwo ló ṣáájú. Ó gba ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó yí i sẹ́yìn síbi tí kò sí ohun kankan, ó dá a padà fún un.

“Ó ku ìbéèrè kan.”

Ṣọládé gba ìwé náà. Ó ṣí bírò.

“Kí lorúkọ bàbá yín, níbo sì ni kí àwọn èèyàn mi ti wá kí wọn?”

Fadékẹ́ sọ ọ́ fún un díẹ̀díẹ̀, kó lè rí gbogbo rẹ̀ kọ.